Irun Nìkan Kọ́ Ni Oògùn Náà Mú Lọ

Kò sí ohun tí wọn ò sọ fún mi nípa irun. Kí wọ́n tó fi omi oògùn àkọ́kọ́ sí mi lára, nọ́ọ̀sì ti sọ ti irun, dókítà ti sọ ti irun, obìnrin tó ń gbálẹ̀ wọ́ọ̀dù pàápàá fara ti ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ní kí n má bẹ̀rù, irun á tún hù. Wọ́n sọ ti èébì. Wọ́n sọ ti egbò ẹnu, ti èékánná tó máa dúdú, ti àtẹ́lẹsẹ̀ tí á máa ta mí bíi pé mo tẹ ìjàlọ. Gbogbo rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ bí wọ́n ṣe wí, mo sì fara mọ́ ọn. Ohun tí wọn ò sọ ni mo fẹ́ sọ níbí, nítorí inú ṣì ń bí mi.

Jẹjẹrẹ ọmú ni. Wọ́n gé ọmú òsì, wọ́n wá ní kí n máa gba oògùn tí gbogbo wa níbẹ̀ ń pè ní kímò, èyí tí wọ́n ń fi dírípù gbà sínú iṣan. Ọsibítù náà kò sí ní ìpínlẹ̀ wa, mi ò sì ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn náà ló jẹ́ kí n wà láyé tí mo fi lè máa bínú. Èmi àti ọmọbìnrin mi la jọ máa ń lọ. A ó wọkọ̀ ní Ìkọ̀lé ní ìdájí, a ó gba Ọ̀yẹ́ kọjá nígbà tí àwọn ọmọ yunifásítì bá ń tò sójú títì, ọ̀nà á sì wá gùn títí n ó fi sùn. Tí a bá ń bọ̀, èmi ni mo máa ń jókòó ti fèrèsé, ọmọ mi á di ike èébì mú.

Aránṣọ ni mí. Ibi iṣẹ́ ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo wọn èjìká oníbàárà kan, mo yíjú sí ibi tí ṣọ́ọ̀kì wà, nọ́ńbà náà ti fò lọ. Mo tún un wọ̀n. Ó tún lọ. Oníbàárà ń wò mí, mo sì ní téèpù yẹn ti gbó, nọ́ńbà ara rẹ̀ ti pa rẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo gé apá òsì méjì fún bùláòsì kan ṣoṣo, aṣọ olówó iyebíye tí a kò lè rí irú rẹ̀ rà mọ́ ní gbogbo ọjà Ìkọ̀lé. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wò ó títí, mi ò tilẹ̀ rí ohun tó burú níbẹ̀ títí ọmọ iṣẹ́ mi fi sọ ọ́.

Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná. Mo gbé iṣu kaná, mo jókòó tì í, mo ń wò ó, ó jó mọ́ ìkòkò lójú mi kòrókòró. Lọ́jọ́ kan mo fẹ́ sọ fún ọmọ mi pé kó bá mi mú abẹ́rẹ́. Abẹ́rẹ́! Ohun tí mo ti fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge. Mo na ìka, mo ní, “Bá mi mú èyí, èyí tó ń gún nǹkan.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo sì wọ yàrá lọ sunkún.

Mi ò sọ fún dókítà. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti gbọ́ pé àrùn yìí máa ń rìn, mo sì ti fún ara mi lésì: ó ti gun orí lọ. Tí mo bá sọ ọ́, wọn á ya fọ́tò orí mi, wọn á wá pe ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn á máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, èmi á ní, “A dúpẹ́, sà.” Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ nìyẹn.

Àwọn ará ilé ní tiwọn ò nílò dókítà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi kan, tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn alágbàdúrà, gbé òróró wá láti Òkè-Àkò, ó ní ẹnì kan ló di ọpọlọ mi nígbèkùn. Òmíràn ní ogbó ni. Ẹlòmíràn kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n tó bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, á máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, á máa lanu gbàgà, bí ẹni ń bá ọmọ ọwọ́ sọ̀rọ̀. Ti ẹni yìí ló dùn mí jù. Mo ṣì gbọ́n ju òun àti ẹni tó bí i lọ.

Àmọ́ Ìpáò ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́, nílé ọkọ mi, lọ́jọ́ iṣu tuntun.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Ọkọ mi ti di olóògbé, ṣùgbọ́n ọjọ́ iṣu tuntun ni gbogbo obìnrin ilé máa ń pé nínú agbo ilé náà. Àwọn tó wà ní Adó, ní Ìbàdàn, ní Àbújá, gbogbo wọn á wálé. Àwọn tó ṣì lágbára á gún iyán, àwọn mìíràn á se ọbẹ̀, èmi ni mo máa ń pín in, torí èmi ni ìyáálé, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé nínú gbogbo ìyàwó ilé tó ṣì wà láyé. A kì í wo ọjọ́ orí. A kì í wo ẹni tó kàwé tàbí ẹni tó gbé jíìpù wá. Bí o ṣe wọlé ni wàá ṣe gba oúnjẹ. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún á dúró kí ẹni tó kéré sí i, àmọ́ tí wọ́n gbé wọlé ṣáájú rẹ̀, gba tirẹ̀ tán kó tó mú abọ́ wá. Ìyáálé á jókòó ti ìkòkò pẹ̀lú ìgbakọ, á máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kì í wo ìwé. Obìnrin tí ìyáálé bá fò, ohun tó túmọ̀ sí ni pé a ò kà á mọ́ ilé: yálà ó ti kú, tàbí ó ti kẹ́rù rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀.

Mo ti ń pín in láti ìgbà tí ìyáálé tó ṣáájú mi ti kú, ó sì dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin wọ̀nyí, láti ọdún dé ọdún, kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti ń pe ipò wọn sókè àfi ibẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orí mi pá kodoro lábẹ́ gèlè, ṣùgbọ́n mo ṣe tán. Mo pè wọ́n dé ìdajì, ọ̀rọ̀ wá dúró sí mi lẹ́nu. Mo rí ojú gbogbo wọn. Kò sí ojú kan tí mi ò mọ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ mọ́ ni ta ló tẹ̀ lé ta. Ká ní mo dákẹ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìgbéraga ò jẹ́. Mo pe ẹni tó sún mọ́ mi jù, mo bu oúnjẹ fún un, mo sì ń pè lọ. Mo ti fo obìnrin kan.

Nínú gbogbo ẹni tí mo lè fò, òun ni. Ọkọ rẹ̀ ti mú obìnrin mìíràn sílé ní Èkó, gbogbo ilé ló sì mọ̀. Ó wá sọ́jọ́ iṣu tuntun náà kí wọ́n lè rí i pé òun ṣì jẹ́ ìyàwó ilé. Ó dìde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Ohùn rẹ̀ ò tilẹ̀ lọ sókè.

“Yèyé, ṣé mo ti kúrò ní ulé yìí ni?”

Mo ní rárá, mo ní kó máa bọ̀, mo ní àṣìṣe ni. Ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí etí odó, ó sì jáde. Kí n tó délé ní Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí Wọ́sáàpù ẹbí, wọ́n ní ìyáálé ti gbè sẹ́yìn obìnrin Èkó.

Àbúrò ọkọ mi ni olórí ẹbí báyìí. Wọ́n ti bí i kí n tó wọlé, nítorí náà “ọkọ mi” ni mo ń pè é, ìyàwó ni òun náà ń pè mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó wá bá mi ní Ìkọ̀lé, ó jókòó sórí àga oníbàárà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ó ní, “Ìyàwó mi, ara rẹ ò yá. Gbé ìgbakọ yẹn fún ìkejì rẹ. Uṣẹ́ náà ti pọ̀ jù fún ọ. Lọ sinmi.”

Ìkejì mi ni obìnrin tó wọlé tẹ̀ lé mi. Mo ní, “Ọkọ mi, ta ló sọ fún yín pé ó rẹ̀ mí?”

“Gbogbo ulé ló rí i.”

Bó ṣe sọ ọ́, pẹ̀lú àánú yẹn, ó ká mi lára ju èébú lọ. Ìsinmi tó ń sọ yẹn, mo mọ irú ìsinmi tí í ṣe. Wọn á máa gbé oúnjẹ wá bá mi nínú yàrá. Wọn á máa sọ̀rọ̀ mi níṣojú mi. Mo fi àáké kọ́rí. Mo ní wọn ò ní gba ìgbakọ náà lọ́wọ́ mi bí mo bá ṣì ń mí. Ó mi orí, ó kí mi, ó lọ. Mo mọ̀ pé ó ti pinnu ohun tó máa ṣe ní Kérésìmesì, nígbà tí ẹbí bá tún pé.

Ọsibítù ni mo ti wá gbọ́, nípa èèṣì. Nọ́ọ̀sì kan ń bi mí ní àwọn oògùn tí mo lò láàárọ̀, mi ò sì rí ọ̀kan dárúkọ. Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín burúkú. Ó ní, “Orí kímò nìyẹn, Mà. Ó máa ń ṣe wọ́n.”

Mo ní, “Ta ni ó máa ń ṣe?”

“Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gba oògùn yìí. Wọ́n máa ń gbàgbé nǹkan, ọ̀rọ̀ máa ń sọnù mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú.”

Mo wò ó. Mo ní, “Ẹ mọ̀?”

Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ mi yé. Mo tún un sọ, mo sì ti ń dìde bí mo ṣe ń sọ ọ́: “Ẹ mọ̀? Látọjọ́ yìí wá, ẹ mọ̀?”

Wọ́n pe dókítà. Ọmọkùnrin tó mọ̀wé, tó sì lẹ́kọ̀ọ́ ilé ni. Ó yẹ̀ mí wò dáadáa, wọ́n ya fọ́tò orí mi tí mo ti ń sá fún, wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀. Àrùn kò gun orí mi. Ó ní oògùn náà ló ń fa ìgbàgbé yẹn. Ó ní fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ó máa ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá parí, fún àwọn mìíràn ó máa ń pẹ́, òun ò sì lè sọ èwo ni á jẹ́ tèmi. Ìyẹn dára. Mo fẹ́ràn ẹni tó bá sọ pé òun ò mọ̀. Mo wá bi í pé kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi tẹ́lẹ̀.

Ó ní àwọn kì í sábà sọ ọ́, torí ohun tó wà lórí aláìsàn ti pọ̀, àwọn ò fẹ́ dẹ́rù bà wá.

Mo ní, “Dókítà, irun tí mo lè fi gèlè bò, ẹ sọ ọ́ fún mi títí ó fi sú mi. Orí tí mo fi ń jẹun, ẹ pa tiẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù tí ẹ ò fẹ́ dá bà mí yẹn, èmi nìkan ni mo ti ń dá a ba ara mi láti ọjọ́ yìí.”

Ọmọ mi ń fà mí laṣọ. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ká ní wọ́n sọ ọ́, ǹ bá ṣì gba oògùn náà. Ẹ̀mí ni mo wá gbà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ǹ bá ti mọ̀ pé wèrè kọ́, ikú kọ́, ẹnikẹ́ni ò sì di nǹkan kan nígbèkùn. Ǹ bá ti dúró níwájú ìkòkò yẹn, kí n sọ fún wọn pé oògùn ló ń ṣe mí, ẹ dákẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí mo jáde síta, àwọn yòókù wà lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de tiwọn. Mo dúró láàárín wọn. Mo ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló ti ń gbàgbé nǹkan láti ìgbà tó ti ń gba oògùn yìí?”

Wọ́n ń wo ilẹ̀, mo sì mọ ìwòlẹ̀ yẹn, torí èmi náà ti ń wò ó bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Èmi ti gé apá òsì méjì fún aṣọ kan. Mo ti gbàgbé ohun tí wọ́n ń pe abẹ́rẹ́. Oògùn yìí ló ń ṣe é, dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi ni.”

Ọkùnrin kan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní òun wa mọ́tò dé oríta tí òun ti ń gbà láti ìgbà èwe, òun ò mọ apá ibi tí ilé òun wà. Òun parọ́ fún ìyàwó òun pé bíréèkì ló bà jẹ́. Olùkọ́ kan ní àwọn ọmọ kíláàsì òun ti ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, títí nọ́ọ̀sì fi jáde wá bi wá pé kí ló dé. Gbogbo wa la ti ń fi pa mọ́ fún ara wa lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tuntun tó bá jókòó tì mí níbẹ̀, mi ò ní sọ ti irun fún un. Ó ti gbọ́ ìyẹn.

Ó ku ti Ìpáò. Ọmọ mi ní kí n kọ orúkọ àwọn obìnrin ilé sínú fóònù, kí n máa wò ó bí mo bá ń pín. Mo kọ̀. Ṣé orúkọ ọmọ iléèwé ni mo fẹ́ máa pè ni? Àmọ́ mo mọ̀ pé orí mi nìkan ò tó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ náà ń fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀ fún mi nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń ta mí, ni nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn. Nílé ọkọ mi, bí ìyàwó tuntun bá dé ẹnu ọ̀nà, a kì í jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú erùpẹ̀ ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n á wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó sì ń wẹ̀ ẹ́ ni ìyàwó tó wọlé gbẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀. Obìnrin kọ̀ọ̀kan nínú wa ló mọ ẹsẹ̀ tí òun wẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi dà sílẹ̀.

Ní Kérésìmesì, mo tètè dé, síbẹ̀ ìkejì mi ti jókòó ti ìkòkò. Ìgbakọ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ìyáálé mi, àwọn ni wọ́n ní kí n mú un.” Ojú ń tì í.

Mi ò bá a jà. Mo na ọwọ́ sí i. Ó wo ojú olórí ẹbí, tó jókòó lábẹ́ igi ọsàn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, ó wo ojú mi, ó sì gbé e fún mi. Mo ṣí gèlè mi. Irun mi ti ń hù padà, ó funfun, ó rí wúruwùru. Mo fẹ́ kí wọ́n rí gbogbo rẹ̀.

Mo ní, “Oògùn jẹjẹrẹ mú irun mi lọ, ẹ rí ìyẹn. Ó tún mú lára ìrántí mi, ìyẹn ni ẹ ò rí. Wèrè kọ́. Ẹnikẹ́ni kò ṣe mí. Lọ́jọ́ iṣu tuntun, mo fo obìnrin kan tí mi ò gbọdọ̀ fò, ilé yìí sì ni ilé rẹ̀. Lónìí, bí n ó ṣe pín in nìyí.” Mo yíjú sí ìkejì mi. “Ìwọ, ẹsẹ̀ ta lo wẹ̀?”

Ó kọ́kọ́ lanu sílẹ̀. Ó wá nàka sí ìkẹta. “Ẹsẹ̀ tirẹ̀ ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀!” Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mo bu oúnjẹ fún ìkejì mi, mo bi ìkẹta, ìkẹta náà pe ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń rántí bàtà, wọ́n ń rántí ẹni tó sunkún àti ẹni tí ẹ̀rín pa. Ibì kan wà tó já, torí ẹni tó wẹ ẹsẹ̀ náà ti kú. Obìnrin kan ní, “Èmi ni mo bá a pọn omi. Ẹni tó kàn nìyí.” Nígbà tó kan obìnrin tí mo fò, ẹni tó wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ pè é sókè, òun náà dìde wá. Mo bu ẹran fún un. Ó gbà á, kò kúrò níwájú mi.

Olórí ẹbí ní, “Ìyàwó mi, báyìí kọ́ là ń ṣe é ní ulé yìí.”

Mo ní, “Ọkọ mi, báyìí la ó máa ṣe é.”

Nígbà tí gbogbo wọn gbà tán, ó ku èmi, torí ẹni tó ń pín ló ń gbẹ̀yìn. Obìnrin yẹn ṣì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ rẹ̀. Ó ní, “Yèyé, ta ló wẹ ẹsẹ̀ tiyín?”

Mo rántí ọwọ́ obìnrin náà. Mo rántí pé omi náà tutù, pé ó ní òrùka bàbà kan tó ń họ mí lẹ́sẹ̀. Mo wá orúkọ rẹ̀, kò wá. Mo dúró, mi ò pe orúkọ mìíràn dípò rẹ̀. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló wọlé lẹ́yìn mi, kò sí ẹni tó lè bá mi sọ ọ́.

Mo ní, “Mi ò rántí.” Mo sọ ọ́ sókè, kí àwọn ọkùnrin náà lè gbọ́.

Lábẹ́ igi ọsàn, olórí ẹbí wú ikọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tí kò tíì gbéyàwó ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé. Ó pe orúkọ obìnrin náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Ẹ sọ ọ́ sókè, ọkọ mi. Mò ń dúró.”

Ó dìde, ó sì sọ ọ́ sókè. Mo bu oúnjẹ tèmi.